Orúkọ Àìsàn ní Èdè Yorùbá

Ìlú Ore, tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ oríta ńlá. Ọ̀nà tí ó ti Èkó àti Ìjẹ̀bú-Òde wá gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Ìlú Bìní. Ọ̀nà mìíràn ti Oǹdó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó gba ibẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa àti sí ilẹ̀ olómi. Nítorí náà ni oríṣìíríṣìí ènìyàn ṣe ń pàdé níbẹ̀. Bí a bá rí ọmọ Oǹdó, a ó rí ọmọ Ìkálẹ̀. Bí a bá rí Ìjẹ̀bú tí ó wá ra pákó, a ó rí Ìgbò tí ó ń ta ohun èlò ọkọ̀, a ó sì rí Haúsá tí ó kó àlùbọ́sà wá láti òkè Ọya. Ní ọjọ́ tí ara bá le, olúkúlùkù ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ara kò bá dá, orí àga kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí ní ilé ìwòsàn, ìbéèrè kan náà ni nọ́ọ̀sì sì ń bi wọ́n: "Kí ni ó ń ṣe yín?"

Ìbéèrè yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Dókítà kò lè wọ inú ara wa lọ láti wo ohun tí ó ń dùn wá. Ẹ̀rọ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ni ó ń sọ ibi tí yóò gbé ẹ̀rọ náà lé fún un. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣìnà, ìwòsàn lè bá a ṣìnà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a máa wo ara dáadáa kí a tó sọ àìsàn lórúkọ. Ohun tí a fẹ́ kọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún ara, fún àìsàn àti fún iṣẹ́ ilé ìwòsàn, kí a sì mọ bí a ti í lò wọ́n tí wọn kò fi ní ṣì wá lọ́nà.

Ẹ̀yà Ara

Ẹni tí kò mọ orúkọ àdúgbò kò lè júwe ilé. Kí a tó mọ orúkọ àìsàn, ó yẹ kí a mọ orúkọ ibi tí àìsàn lè fi ṣe ibùgbé. Àwọn ẹ̀yà tí ojú ń rí kò ṣòro: orí, ọrùn, èjìká, ìgbúnwọ́, ọrùn-ọwọ́, itan, orúnkún àti kókósẹ̀. Àwọn tí ó fara pamọ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá ti dúró ti alápatà rí kò yẹ kí ó ṣàìmọ̀ wọ́n. Ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ẹ̀dọ̀fóró ni a fi ń mí. Ẹ̀dọ̀ ń yọ májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, òróòro sì lẹ̀ mọ́ ọn. Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń fi ìdọ̀tí inú rẹ̀ ṣe ìtọ̀ ránṣẹ́ sí àpò ìtọ̀. Àpòlúkù ń gba oúnjẹ, ìfun sì ń fa ohun rere inú rẹ̀ sínú ara. Ilé-ọmọ ni ọlẹ̀ ti ń dàgbà. Ọpọlọ, tí ó wà nínú agbárí, sì ni olórí gbogbo wọn.

Kí a kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan náà lè ní ìtumọ̀ púpọ̀. Bí ẹnìkan bá wí pé, "Inú mi dùn," ayọ̀ ni ó ní. Bí ó bá wí pé, "Inú ń dùn mí," ìrora ni ó ní. Bí àyà ẹnìkan bá ń já, ó lè jẹ́ pé ìbẹ̀rù ni ó mú un. Bí àyà bá ń gún un, ọ̀rọ̀ náà di ti dókítà. Nígbà tí Yorùbá bá pe ẹsẹ̀, ó lè jẹ́ láti itan títí dé ọmọ ìka ni ó ń wí. Iṣan tilẹ̀ ju gbogbo wọn lọ: à ń pe òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ní iṣan, à ń pe okùn tí ó so ẹran ara mọ́ egungun ní iṣan, à sì ń pe fọ́nrán tí ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ ní iṣan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé iṣan ni ó ń dun òun kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tán. Kí ó fi ìka kan ibẹ̀.

Bí Àwọn Baba Wa Ṣe Sọ Àìsàn Lórúkọ

Ojú ni àwọn baba wa fi sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àìsàn lórúkọ, ojú wọn sì mú. Wọ́n rí ẹni tí ó ń tọ̀ títí tí ara rẹ̀ fi ń gbẹ, wọ́n pe àìsàn rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n rí ẹni tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ lójijì, wọ́n pè é ní rọpárọsẹ̀. Èyí tí ó ń rọ ọmọdé ní apá àti ní ẹsẹ̀ ni rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Èyí tí ó ń mú ènìyàn bì, tí ó sì ń mú un yàgbẹ́ ní àkókò kan náà, tí ó fi jẹ́ pé igbá méjì ni a ní láti gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni onígbáméjì. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí a ń jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, tí ó ń dá ọmọ dùbúlẹ̀ lónìí bí ẹni tí yóò kú, tí ọmọ náà sì tún ń dìde lọ́la, ni fòníkúfọ̀ladìde. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ wọ̀nyí ti mọ ìdajì àmì àìsàn náà.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ náà rí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì fún àìsàn náà ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun tí ń ṣàn kọjá, nítorí pé omi kì í dúró nínú ara ẹni náà. Orúkọ ti Gíríìkì ni gbogbo ayé fi ń pè é nínú ìwé ìṣègùn títí di òní. Ohun kan náà ni àgbà Yorùbá àti àgbà Gíríìkì rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ ara wọn.

Ṣùgbọ́n ojú a máa tan ni jẹ nígbà mìíràn. Màléríà, tí àwọn Òyìnbó ń pe ibà ẹ̀fọn, jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará Ítálì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ búburú. Wọ́n rí i pé ibà pọ̀ ní etí irà tí ó ń rùn, wọ́n sì rò pé òórùn náà ni ó ń fa ibà. Ní 1880, Alphonse Laveran, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Àlùjéríà. Ní 1897, Ronald Ross fi hàn ní Íńdíà pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò irú èyí ń gbé. Orúkọ náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yí padà. Àwa náà ní irú rẹ̀. A ń pe ohun gbogbo tí ó bá kan ìdí ní jẹ̀díjẹ̀dí, a sì ń sọ pé ohun dídùn ni ó ń fà á. Jẹ̀díjẹ̀dí gan-an ni òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó wú ní ìdí. Ìgbẹ́ líle àti ìgìrì púpọ̀ nígbà ìyàgbẹ́ wà lára ohun tí ń fà á. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde pẹ̀lú ìgbẹ́, ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí, ó lè jẹ́ ìgbẹ́ ọ̀rìn, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ìfun. Ẹni tí ó bá ti fi orúkọ kan pa ìlẹ̀kùn dé lè má mọ èyí tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀.

Orúkọ Tí Ó Bo Àìsàn Mọ́lẹ̀

Àìsàn kan wà tí àwọn baba wa kì í fẹ́ dárúkọ. Ṣọ̀pọ̀nná ni. Ìbẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní ilẹ̀gbóná tàbí olóde, wọ́n sì ń bọ ọ́ bí òrìṣà. Dókítà Oguntola Sapara, ọ̀kan nínú àwọn dókítà Aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ ní Èkó, wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùbọ̀ náà láti mọ àṣírí wọn. Ìwádìí rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba fi òfin de ìbọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tàn kálẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń bèèrè láìfi bò pé: "Ta ni ara rẹ̀ sú? Níbo ni ó wà?" Ní 1970 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní in ní Nàìjíríà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1980 ni gbogbo orílẹ̀-èdè kéde pé ó ti tán ní ayé. Àìsàn tí a kò jẹ́ dárúkọ pa wá fún ọ̀pọ̀ ọdún; nígbà tí a dárúkọ rẹ̀, tí a sì wá a kiri, ó parẹ́.

Orúkọ mìíràn tún wà tí ó ṣe ìpalára ní ìgbà tiwa. Ní 1986 ni a kéde pé éèdì ti dé Nàìjíríà. Orúkọ Òyìnbó ni ó yí sí ẹnu Yorùbá báyìí, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ èèdì, èyí tí í ṣe oògùn tí a fi ń di ènìyàn tí kì í fi í mọ ohun tí ó ń ṣe mọ́. Nítorí náà, àwọn kan rò pé ọ̀tá ni ó ń fi í ranṣẹ́ sí ènìyàn. Àwọn mìíràn pè é ní àrùn kògbóògùn. Ní ìgbà náà, orúkọ yìí kò jìnnà sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n láti 1996 ni àwọn dókítà ti mọ̀ pé àpapọ̀ oògùn kan lè dá kòkòrò náà dúró, tí ẹni tí ó bá ń lò ó déédéé yóò fi pẹ́ láyé, tí yóò ṣiṣẹ́ rẹ̀, tí yóò sì lè bí ọmọ tí kò ní kòkòrò náà lára. Àrùn náà ti ń gbọ́ oògùn. Orúkọ rẹ̀ ni kò tíì gbọ́. Ẹni tí ó bá sì gba orúkọ náà gbọ́ lè jókòó sí ilé kí ó máa retí ikú, nígbà tí oògùn wà ní ilé ìwòsàn.

Orúkọ tí ó sàn ni kòkòrò apa-sójà-ara. Ó sọ ohun tí kòkòrò náà ń ṣe: ó ń pa àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́ ara, ìyẹn ni pé àwọn àìsàn mìíràn a wá rí àyè wọlé. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Herbert Igboanusi àti Clement Odoje wà lára àwọn onímọ̀ èdè tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí wíwá ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún àìsàn yìí àti fún Ebola ní èdè Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá. Iṣẹ́ irú wọn ń fi hàn wá pé sísọ àìsàn lórúkọ kò parí sí ọwọ́ àwọn baba wa. Ó kan àwa náà.

Ibà Kì í Ṣe Ẹyọ Kan

Nínú gbogbo orúkọ àìsàn, kò sí èyí tí à ń lò tó ibà. Bí ara bá gbóná, ibà ni. Bí orí bá fọ́, ibà ni. Bí ó bá rẹ ènìyàn lẹ́yìn iṣẹ́ oko, ibà náà ni. Òtítọ́ ni pé ibà ẹ̀fọn pọ̀ ní agbègbè olójò bí Odigbo, ó sì ń pa ọmọdé. Ṣùgbọ́n ibà pọ́njú wà, tí í máa sọ ẹyin ojú di bí oje òróòro. Táífọ́ọ̀dù wà, tí à ń kó láti inú omi àti oúnjẹ tí ìdọ̀tí kàn. Ibà Lassa sì wà.

Ibà Lassa gba orúkọ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìlú kékeré kan tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Borno lónìí, níbi tí a ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969. Irú eku kan ni ó ń gbé e. Bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ eku náà bá kan gààrí, ìrẹsì tàbí ohun jíjẹ mìíràn, ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ lè kó o. Ó sì lè ràn láti ara aláìsàn sí ara ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ti ń jà jù lọ ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ó mú un léwu ni pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn. Bí ó bá le, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde láti ẹnu tàbí imú. Ẹni tí ó bá sì yè é, etí rẹ̀ lè di. Oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè lò ó. Ẹni tí ó ti lo oògùn ibà ẹ̀fọn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ara rẹ̀ kò rọ̀, kí ó má ṣe tún oògùn náà rà lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri. Kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ó sì sọ pé, "Mo ti lo oògùn ibà, ara mi kò balẹ̀." Gbólóhùn kékeré yìí lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là, kí ó sì gba ẹ̀mí nọ́ọ̀sì tí ó fẹ́ fọwọ́ kàn án là pẹ̀lú.

Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè

Bí a bá ti Ore lọ sí ìhà gúúsù, tí a kọjá Òkìtìpupa, a ó dé Òde-Ìrèlè ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ikú òjijì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ènìyàn ní agbègbè náà. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àwọn tí ó kú tó ènìyàn 18. Orí a máa fọ́ wọn, ojú wọn a ṣú tí wọn kì í fi í ríran dáadáa mọ́, lẹ́yìn náà wọn a dákú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì lò tó ọjọ́ kan. Àwọn kan sọ pé òrìṣà ìlú ni ó bínú. Ebola ti wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, nítorí náà ẹ̀rù ba àwọn mìíràn pé òun ni ó tún dé.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kò fi ìbẹ̀rù sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n bèèrè ohun tí ó ń ṣe olúkúlùkù, ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó jẹ àti ohun tí ó mu. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, àyẹ̀wò sì wáyé ní Èkó. Kì í ṣe Ebola, kì í ṣe kòkòrò àìsàn mìíràn. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé oògùn apakoríko ni, ṣùgbọ́n ìyẹn náà kò dúró. Níkẹyìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé májèlé tí à ń pè ní mẹ́tánọ́ọ̀lù, tí ó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu, ni ó pa wọ́n.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù jọ ọtí líle lójú àti ní òórùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ó ń di omi kíkan kan tí ó ń ba fọ́nrán tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́. Ìdí nìyí tí ojú fi ń ṣú. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí àwọn ẹbí bá sọ fún dókítà pé òrìṣà ni, wọn kò tíì sọ ohun tí ó lè fi ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá wí pé, "Ó mu ògógóró lánàá, lónìí orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì ṣú," wọ́n ti fi ọ̀nà hàn án. Ìtọ́jú sì wà fún májèlé yìí bí a bá tètè dé ilé ìwòsàn.

Orúkọ Iṣẹ́ Ilé Ìwòsàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún ilé ìwòsàn nítorí pé wọn kò mọ ìtumọ̀ ohun tí a fẹ́ ṣe fún wọn. Àyẹ̀wò ni wíwo ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ láti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Wíwọn ìfúnpá ni mímọ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń fi agbára ti ara òpó rẹ̀. Bí agbára náà bá pọ̀ jù, a ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára fún ọdún pípẹ́ láìsí ìrora kan, kí ó sì wá ti ibẹ̀ di rọpárọsẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe retí kí ó dun òun kí ó tó lọ wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ abẹ ni kí dókítà la ara láti tún ohun kan ṣe nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí a ti fún aláìsàn ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ó mọ ìrora. Ìfàjẹ̀sínilára ni fífi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le fún ẹni tí tirẹ̀ ti dà nù. Ní ìlú bí Ore, tí ọkọ̀ ńláńlá ń gbà kọjá tọ̀sán-tòru, tí jàǹbá ọkọ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun àjèjì.

Àjẹsára jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a yìn. Láti àtijọ́ ni Yorùbá ti ní oògùn tí à ń jẹ sí ara kí ibi má baà lè wọlé. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tí ń dènà àìsàn dé, a gbé orúkọ àtijọ́ náà fún un, ó sì bá a mu rẹ́gí. Àjẹsára ni ó lé irú rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí ó ń dá rìn láàrin ayé kúrò ní ilẹ̀ wa, tí ó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé irú èyí kò sí ní Áfíríkà mọ́. Bákan náà ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó fún ètò ìtọ́jú aboyún tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 ní orúkọ Abíyẹ. Kò sí aboyún tí yóò gbọ́ orúkọ náà tí yóò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Bí A Ti Í Ròyìn Àìsàn

Èdè Yorùbá lọ́rọ̀ púpọ̀ ní ti ìrora. Orí ń fọ́, inú ń run, eyín ń ro, àyà ń gún, egbò ń ta, awọ ara ń yún, ojú ń pọ́n, ẹsẹ̀ ń wú, òyì ń kọ́ ni, èébì ń gbé ni. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó tọ́ sí. Ẹni tí inú ń run àti ẹni tí inú ń lọ́ kò sọ ohun kan náà. Ẹ jẹ́ kí a fi bàbá àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ti abúlé kan lẹ́bàá Odigbo wá sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó wà ní ilé-ìwé gíga.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ jókòó. Kí ni ó ń ṣe yín?"

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ibà ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ṣé ara yín ń gbóná ni, àbí òtútù ń mú yín?"

"Rárá o. Ara kò gbóná. Ó kàn ń rẹ̀ mí ni. Mo dé oko, apá mi kò lè gbé àdá."

"Láti ìgbà wo, bàbá?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ẹ sáà fún mi ní oògùn ibà, kí n máa lọ."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Láti bí oṣù mẹ́ta ni òùngbẹ ti ń gbẹ bàbá àgbà púpọ̀. Lóru, wọ́n ń dìde nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún láti lọ tọ̀. Mo rí i pé èèrà ń ṣù bo ibi tí wọ́n bá tọ̀ sí. Wọ́n sì ní egbò kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò jinná láti oṣù méjì; wọ́n ní kò dun àwọn."

Nọ́ọ̀sì náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ mú ọmọ yìí wá. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí a sì wo ẹsẹ̀ náà."

Àtọ̀gbẹ ni àyẹ̀wò fi hàn. Ó ti ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ bàbá náà, ìdí nìyí tí egbò kò fi dùn ún. Bí ó bá ti gba oògùn ibà lọ sí ilé, egbò náà ìbá máa jẹ wọ inú, ó sì ṣeé ṣe kí ó di dandan ní ọjọ́ kan láti gé ẹsẹ̀ náà. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ náà kò pe àtọ̀gbẹ rárá. Ohun tí ó rí ni ó sọ, bí ó ti rí i, àti ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Bàbá ni ó mú orúkọ wá. Ọmọ ni ó mú òtítọ́ wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí ẹ bá lọ fún ara yín tàbí tí ẹ bá bá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ mú ìdáhùn márùn-ún lọ́wọ́: ibi tí ó ń dùn gan-an, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, irú ìrora tí ó jẹ́, ohun mìíràn tí ó bá a rìn, ìbáà ṣe èébì, ikọ́, òùngbẹ tàbí ojú ṣíṣú, àti ohun tí aláìsàn ti jẹ, tí ó ti mu, tàbí tí ó ti lò sí i, títí kan àgbo. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun pamọ́ nítorí ìtìjú, nítorí ara tí a bò mọ́lẹ̀ kò ṣeé wò. Lẹ́yìn èyí, bí dókítà bá sọ orúkọ àìsàn náà, ẹ bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ títí yóò fi yé yín, kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ fún àgbà tí ẹ mú wá.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ọgbọ́n tí àwọn baba wa fi wo ara tí wọ́n fi sọ àìsàn lórúkọ ni kí àwa náà máa fi wò ó: kí a kọ́kọ́ rí i, kí a tó pè é.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìdí tí àwọn baba wa fi pe àwọn àìsàn wọ̀nyí bẹ́ẹ̀: àtọ̀gbẹ, onígbáméjì, fòníkúfọ̀ladìde?
2. Sọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ń ṣe: ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín, ìfun.
3. Èwo ni ó sàn jù nínú "àrùn kògbóògùn" àti "kòkòrò apa-sójà-ara"? Sọ ìdí rẹ̀.
4. Báwo ni ibà Lassa ṣe ń wọ ara ènìyàn, kí sì ni ó mú kí ó ṣòro láti tètè dá a mọ̀?
5. Kí ni ó pa àwọn ènìyàn ní Òde-Ìrèlè ní 2015? Kí ni a rí kọ́ nínú rẹ̀?
6. Lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn tí yóò fi ìtumọ̀ wọn hàn: ń gún, ń ro, ń yún, ń lọ́, ń ta.
7. Kọ àròkọ kan tí kò gbọdọ̀ ju ojú-ìwé méjì lọ lórí: "Ọjọ́ tí mo ṣe ògbufọ̀ fún àgbà ní ilé ìwòsàn."